Ọmọ mi fẹ́ du ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé rẹ̀ n'Ìkòròdú: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Màmá Ìgbógbó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé wá. SS2 ló wà, nílé ìwé aládàáni kan nítòsí wa níbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ìwé náà sílẹ̀, àwọn tíṣà ló ń jókòó yan pírífẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ á kàn gbọ́ orúkọ ní asẹ́ńbílì ọjọ́ kan. Púrínsípà tuntun tó dé wá ní ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lòun fẹ́, kí àwọn ọmọ fúnra wọn dìbò yan olórí, igbákejì àti akọ̀wé. Láti JSS1 dé SS2 ló máa dìbò. Àwọn mẹ́rin ló ti gba fọ́ọ̀mù fún ipò olórí, ọmọ mi sì wà nínú wọn.

Ọmọ yìí kì í ṣe aláriwo. Kò sí nínú àwọn tó máa ń jó lórí pèpéle lópin ọdún, kò sì sí nínú àwọn tí gbogbo ilé ìwé ń pariwo orúkọ wọn níbi eré ìje. Àmọ́ bí ẹ bá dé ilé mi lálẹ́, ẹ máa bá àwọn ọmọ àdúgbò lórí bẹ́ńṣì ní fàráńdà, tó ń ṣàlàyé ìṣirò fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Bàbá rẹ̀ ní kí n fún un lówó kó fi ra bisikíìtì pín káàkiri, ọkàn mi ò gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, àti ẹ̀yin tíṣà tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Kí tẹ́ẹ̀mù yìí tó parí ni wọ́n máa dìbò.

Tíṣà Odógúnyàn:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá wa. Inú mi dùn sí ohun tí púrínsípà yẹn ṣe. Mo ti bójú tó irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Kó tó ronú pósítà rárá, kó lọ bá tíṣà tó wà nídìí ètò náà, kó béèrè òfin rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé orí bébà ni wọ́n máa dìbò sí, àbí wọ́n máa nawọ́ sókè? Ṣé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, àbí ìbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ? Ọjọ́ wo ni ìpolongo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí? Ibo ni wọ́n gbà kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́? Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí pé ó lẹ pósítà mọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé kò béèrè.

Lẹ́yìn òfin, ìṣirò ló kàn. Ẹ ní mẹ́rin ni wọ́n. Ká ní 300 ọmọ ló máa dìbò, tó sì jẹ́ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló wọlé. Bí ẹnì kan bá ní 76, tí àwọn méjì ní 75, tí ẹnì kẹrin ní 74, ẹni tó ní 76 ti di olórí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ilé ìwé ló fẹ́ ẹ. Nítorí náà, kò di dandan kí gbogbo ilé ìwé mọ ijó ẹni. Ohun tí ọmọ yín nílò ni àwọn tó dá a lójú pé tirẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n á sì wá sílé ìwé lọ́jọ́ ìdìbò. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìbò gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ẹnì kankan ò bá kọjá ìdajì, wọ́n máa tún un dì láàárín àwọn méjì tó ṣíwájú, àwọn tó tẹ̀lé ìkẹta àti ìkẹrin ló sì máa sọ ẹni tó wọlé. Kò gbọ́dọ̀ bá olùdíje kankan dìjà, torí ó lè padà wá bẹ àwọn èèyàn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùdíje kì í bojú wò ni JSS1 àti JSS2. Nílé ìwé ìjọba l'Ékòó níbí, wọ́n ti ya júníọ̀ kúrò lára síníọ̀, púrínsípà wọn yàtọ̀. Nílé ìwé aládàáni, ọgbà kan náà ni gbogbo wọn wà, àwọn kékeré yìí sì pọ̀. Àwọn SS2 á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n á rò pé ìpolongo làwọn ń ṣe. Kí ọmọ yín mú ìwé kan, kó fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Kó kọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó mọ̀, àti ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí. Ojú ewé tó bá ṣófo, ibẹ̀ ni kó lọ lọ́la.

Ọmọ Èbúté:

Ẹ káalẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní LASUSTECH, tí ọ̀pọ̀ yín ṣì ń pè ní Pólì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ifásitì ní 2022. Mo ṣe igbákejì olórí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì.

Kó má dá a ṣe. Kó wá ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tí yóò bá a rìn, kó má sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ọ̀rẹ́ ẹni á máa sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ọmọ JSS, kí ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin tí àwọn ọmọ Science ń fetí sí, kí ẹnì kan sì jẹ́ ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ kó sọ pé, "Ohun tó o sọ ní kíláàsì yẹn ò dáa, wọ́n bínú." Ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kó tọ́jú rẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ èyí, torí mo rí i pé ẹ ní kì í ṣe aláriwo. Kó má ṣe kó èrò wọ kíláàsì àwọn kékeré. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n bí àwọn síníọ̀ mẹ́fà bá já wọlé lójijì, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ rán àwọn níṣẹ́ ni. Kó mú ẹnì kan dání. Kó jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn, kó má dúró síwájú pátákó. Kó béèrè orúkọ wọn kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Kó bi wọ́n pé, "Kí ló ń dà yín láàmú jù nílé ìwé yìí?" lẹ́yìn náà kó dákẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ lè má sọ nǹkan kan. Ẹnì kejì á rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹta á sọ òótọ́, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Bí ó bá padà lọ síbẹ̀, tó pe ọmọ kan lórúkọ, ọmọ yẹn á ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìlà rẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀dé:

Ẹ má bínú o, ohun tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀. Ọmọ SS2 ni. WAEC ló kàn án. Owó ilé ìwé tí à ń san l'Ékòó yìí, ṣé ká san án kí ọmọ máa lẹ pósítà kiri? Ohun tó bá gba àkókò ìwé lọ́wọ́ ọmọ, mi ò fẹ́ ẹ nínú ilé mi.

Tíṣà Odógúnyàn:

Ọ̀rọ̀ yín ní láárí, bàbá. Ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi ń yan àwọn olórí láti SS2 ní tẹ́ẹ̀mù kẹta, kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní SS3. Kí ìyá rẹ̀ fi ààlà sí i: ìpolongo kò kọjá àkókò ìsinmi àti ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Kò gbọdọ̀ pa kíláàsì jẹ nítorí rẹ̀. Àwọn tíṣà ń wò ó, àwọn ọmọ náà ń wò ó. Ẹni tí kò bá sí ní kíláàsì nígbà tí wọ́n ń kọ́ni, kò sẹ́ni tó máa gbà gbọ́ pé yóò dúró ti iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un.

Màmá Ìgbógbó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún un, ó sì ti lọ jókòó ti àwọn JSS1. Ẹ gbọ́ ohun tó mú bọ̀.

Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan fún un. Omi ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yìn kíláàsì JSS3 ló wà. Bí agogo ìsinmi bá ti dún, àwọn síníọ̀ á sáré dé ibẹ̀, wọ́n á ti ìgò àwọn kékeré sẹ́yìn lórí sìmẹ́ńtì, ẹni tó bá pọnmi tirẹ̀ tán á tún pọn ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Omi ọ̀hún kì í sì í yára dà. Kó tó kan JSS1, agogo ti tún dún, wọ́n á gbé ìgò òfìfo padà sí kíláàsì, òùngbẹ á sì máa gbẹ wọ́n títí wọ́n á fi jáde. Ọmọkùnrin kékeré kan sọ fún un pé òun ò ra gúgúrú mọ́ nílé ìwé, torí kò sí omi tí òun máa mu tẹ̀ lé e. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi lójú oúnjẹ, omi sì lé sí i lójú.

Àwọn obìnrin JSS3 tún sọ fún un pé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn méjèèjì ò ní ìkọ́ nínú. Ọ̀rẹ́ ẹni ló máa dúró síta di ilẹ̀kùn mú. Àwọn SS1 fẹ́ kí wọ́n máa ṣí láíbìrì nígbà ìsinmi. Nísinsìnyí, olùdíje kejì ti ń sọ pé òun máa mú kí ilé ìwé ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, òun sì máa dín owó ilé ìwé kù. Gbogbo ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣé kí tèmi náà wá nǹkan ńlá sọ ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìmọ́tà:

Rárá o, ìyá. Omi yẹn ni kó gbé dání. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì mọ ohun tí ìlérí tí apá ò ká máa ń dà lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹ wo bí àwọn àgbà wa ṣe ṣe é. Nígbà ìdìbò 1979, ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé síwájú àwọn èèyàn: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Mẹ́rin péré. Ìyá tó ń ta ẹja ní Báyékù lè kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Alhaji Lateef Jákàńdè wọlé gómìnà Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ yẹn, nígbà yẹn sì rèé, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lọ sílé ìwé ní ṣíìfù, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, torí kò sí kíláàsì tó tó. Ó kọ́ àwọn kíláàsì, ṣíìfù sì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kíláàsì ọ̀hún ò lẹ́wà, àwọn kan sì bú u nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí wa ò gbàgbé, torí wọ́n rí ohun tó ṣèlérí lójú ara wọn.

Ẹ tún wo 1978, nígbà tí Ṣẹ́gun Òkéòwò jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, NUNS. Ohun tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde káàkiri orílẹ̀-èdè nínú ìwọ́de "Ali Must Go" (Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà) ni owó oúnjẹ àti owó ilé gbígbé tí ìjọba fi kún. Mi ò sọ pé kí ọmọ yín lọ ṣe ìwọ́de o! Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lójoojúmọ́, ohun tó kan ikùn àti ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn ló máa ń mú un dìde.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ohun mẹ́ta tó mú bọ̀ yẹn wò. Ti omi, ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é láìná kọ́bọ̀: kí JSS1 àti JSS2 kọ́kọ́ pọnmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì dúró níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbà á ṣe láàárín ara wọn. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀. Ti ìkọ́ ilẹ̀kùn, lẹ́tà kan sí púrínsípà àti káfíńtà kan ló máa parí rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ìtìjú tó ń kó bá àwọn ọmọbìnrin yẹn ló pọ̀. Ti láíbìrì, ó gba kí tíṣà kan jókòó síbẹ̀. Kó lọ bi tíṣà láíbìrì náà léèrè kó tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Bí tíṣà bá ní òun lè ṣe é lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó ṣèlérí ọjọ́ méjì.

Bí wọ́n bá bi í nípa jẹnẹrétọ̀, kó má fi ẹni tó sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kó sọ pé owó ilé ìwé àti jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ onílé ìwé àti àwọn òbí ló wà, ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò ní àṣẹ lórí rẹ̀, òun ò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ omi.

Atẹ̀wé Sábó:

Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Sábó, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe pósítà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dín owó kù.

Ẹ má ṣe fulẹ́ẹ̀sì. Ilé ìwé ni, kì í ṣe títì. Kádíbọ́ọ̀dù márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n fọwọ́ kọ, pẹ̀lú fótókọ́pì A4 díẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun, ó ti tó. Àwọn ọmọ máa ń wo ohun tí wọ́n fọwọ́ kọ ju èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ, torí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Àwọn ọmọ máa ń kó gbogbo èrò wọn wá, àti ẹsẹ Bíbélì, àti ìkíni sí púrínsípà, wọ́n á ní kí n kó o sórí bébà kan. Ẹni tó ń sáré lọ sí ìlà àkàrà ò ní dúró kà á. Orúkọ rẹ̀ ni kó tóbi jù, kí ipò tó ń dù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ omi, kó kọ "Omi fún JSS kí agogo tó dún," tàbí èyí tó bá wù ú, ní èdè tí ilé ìwé gbà.

Kó fi máàkà dúdú tàbí búlúù kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù funfun tàbí yẹ́lò. Pupa lórí búlúù kì í ṣeé kà láti òkèèrè. Kó gbé e sára ògiri, kó rìn sẹ́yìn títí dé òpin kọ́ríídọ̀. Bí kò bá lè ka orúkọ ara rẹ̀ láti ibẹ̀, kó tún un kọ. Ibi tó dáa jù láti lẹ̀ ẹ́ sí ni ibi tí èèyàn ti ń dúró: ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, ibi oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà láíbìrì. Kó lo téèpù bébà, èyí tí àwọn akunlé ń lò, torí sẹ́lótéèpù máa ń bó ọ̀dà ara ògiri. Òjò Ìkòròdú náà ò mọ̀ pé ìdìbò ń bọ̀, nítorí náà abẹ́ òrùlé ni kó wà. Kí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì ká gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìdìbò, ì báà wọlé, ì báà má wọlé. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé náà lẹ́nu, wọ́n sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni fún tíṣà.

Ọmọ SS3 Ágíríìkì:

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Mo ṣì wà nílé ìwé, mo ń múra WAEC. Ẹnì kankan ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó máa sọ ní asẹ́ńbílì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pàdánù ìbò.

Ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun téèyàn lè sọ láìsáré nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ju nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá kọ ju ìyẹn lọ, ó máa sáré, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì ní gbọ́. Oòrùn á ti máa ta, gbogbo èèyàn á wà ní ìdúró, makirofóònù lè má ṣiṣẹ́. Kó má lo ìṣẹ́jú kan gbáko láti máa kí púrínsípà, igbákejì púrínsípà, àwọn tíṣà, àwọn adájọ́ àti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ìkíni kan ti tó, kó wọ inú ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, orí ọmọ tí kò ra gúgúrú mọ́ yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, láìdárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ á pa rọ́rọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ní kó fi sọ ọ́, àmọ́ kó má wá Gẹ̀ẹ́sì gbọ̀ngbọ̀nràn kiri. JSS1 ń gbọ́, ìbò wọn ló ń wá. Ẹ jẹ́ kó máa fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nílé: kó dúró sẹ́nu géètì, kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìnkùlé. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, kó gbé ohùn sókè láìpariwo, kó la ẹnu dáadáa. Kó mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn sórí. Ìyókù, kó kọ kókó rẹ̀ sórí bébà kékeré. Ẹni tó bá ń ka bébà látòkèdélẹ̀ kì í rí ojú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Èyí tó máa ń mú àwọn olùdíje ni, "Bí púrínsípà bá kọ̀ ńkọ́?" Kó má sọ pé kò lè kọ̀. Kó ní òun máa kó orúkọ àwọn aṣojú kíláàsì jọ sábẹ́ lẹ́tà, òun máa gbé e lọ, ohun tí wọ́n bá sì sọ, òun máa padà wá sọ ọ́ ní asẹ́ńbílì, ì báà dùn, ì báà korò. Wọ́n bi ẹnì kan ní irú ìbéèrè yìí nílé ìwé wa, ó dáhùn báyìí, òun náà ni wọ́n sì dìbò yàn.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp náà nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá bú u nínú gúrúùpù, kó má fèsì níbẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fún tíṣà, wọ́n ò sì ní ya èyí tí wọ́n fi bú u.

Màmá Àgbà Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi débi pé mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìgbógbó, ohun tí ọkàn rẹ sọ fún ọ lórí bisikíìtì yẹn, òun ni òtítọ́. Gbogbo wa rántí 2018, nígbà ìdìbò gómìnà l'Ékìtì àti l'Ọ́ṣun, bí "dìbò kóo sebẹ̀" ṣe di ọ̀rọ̀ tí tẹrú tọmọ ń sọ. Ìtìjú ni. Ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin ìdìbò orílẹ̀-èdè yìí láti fowó ra ìbò, àtẹni tó fún ni, àtẹni tó gbà. Ṣé a wá fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìbò láti inú páálí bisikíìtì? Má gbà. Bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ó bá ní òun fẹ́ náwó, kó ra kádíbọ́ọ̀dù àti máàkà. Bisikíìtì ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò: ọmọ á jẹ ti ẹni kìíní, á jẹ ti ẹnì kejì, títí dé ẹnì kẹrin, á sì dìbò fún ẹni tó wù ú. Mo rí i bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Òmíràn rèé. Ẹ jókòó tì í kó tó di ọjọ́ ìdìbò, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀. Ẹ má sọ pé "o máa wọlé lórúkọ Jésù," kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta ò ní wọlé. Bí kò bá wọlé, kó lọ bá ẹni tó wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó sì gbé ìwé tó kọ ẹjọ́ omi àti ìkọ́ ilẹ̀kùn sí lé e lọ́wọ́. Àwọn ọmọ yẹn ṣì nílò omi. Bó bá sì wọlé, kí ètò omi yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má sọ pé òun ń dúró de ìpàdé.

Tíṣà Odógúnyàn:

Ẹ ṣeun, màmá. Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdìbò, kò sì sẹ́ni tó máa ń bá àwọn olùdíje sọ ọ́.

Bí ilé ìwé bá ní kí wọ́n tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, ẹ̀yin òbí, ẹ bẹ púrínsípà kó yí i padà. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, alága àjọ elétò ìdìbò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń tò sẹ́yìn olùdíje. Ó dáa láti dènà màgòmágó, torí gbogbo èèyàn á rí ìlà tó gùn jù. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS1 tó bá tò sẹ́yìn ẹni tí síníọ̀ rẹ̀ ò fẹ́, ta ni yóò gbà á lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde? Bébà ìkọ̀kọ̀ ló dáa fún àwọn ọmọ.

Kí wọ́n fi rẹ́jísítà kíláàsì dá àwọn olùdìbò mọ̀: bí ọmọ bá ti gba bébà, kí wọ́n fàlà sí orúkọ rẹ̀. Kí tíṣà fọwọ́ sí ẹ̀yìn bébà kọ̀ọ̀kan kó tó fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ tirẹ̀ wá láti ilé. Kí wọ́n dojú àpótí dé lójú gbogbo èèyàn kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní aṣojú kan níbi kíkà. Ní tiwa, bébà kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé sókè kí wọ́n rí i, màá pe orúkọ tó wà níbẹ̀, ọmọ kan á sì fa ilà sórí pátákó, ilà mẹ́rin ní òró, ìkarùn-ún á sọdá wọn. Gbogbo yàrá ló ń ka á pọ̀. Èyí tí kò bá yé wa ẹni tí wọ́n fún, a yà á sọ́tọ̀, a ò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tá a bá kà á tán, a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ bá iye ilà tó wà nínú rẹ́jísítà mu. Bí kò bá bá a mu, a tún un kà. Àwọn aṣojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fọwọ́ sí i, a ó sì lẹ̀ ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Kí ọmọ yín lo ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò láti rán àwọn tó dá a lójú létí pé kí wọ́n má pa ilé ìwé jẹ. Àwọn ọmọ tó ń ti Gbéríigbẹ́ àti Báyékù wá máa ń pẹ́ dé bí òjò bá rọ̀. Bí ìdìbò bá jẹ́ kùtùkùtù, kó sọ fún wọn.

Màmá Ìgbógbó:

Ẹ kú àánú wa o, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Tíṣà láíbìrì ti gbà láti ṣí i ní Tuesday àti Thursday, ìyẹn náà ti wọnú ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ JSS2 kan wà tó ń tẹ̀ lé e káàkiri, òun ló sì mọ ìṣirò jù nínú gbogbo wọn. Ṣé ọmọ kékeré lè jẹ́ aṣojú níbi kíkà ìbò, àbí síníọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́?

Tíṣà Odógúnyàn:

Ó lè jẹ́, bí òfin ilé ìwé yín ò bá kọ̀ ọ́. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè dúró síbi tó wà nígbà tí síníọ̀ bá ní kó sún sẹ́yìn, kó sì lè sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ìyẹn pè" bí nǹkan ò bá yé e. Bó bá lè ṣe é, kí ọmọ yín kọ orúkọ rẹ̀ fún tíṣà ètò ìdìbò kó tó di ọjọ́ náà, kí ọmọ ọ̀hún sì mú bírò tirẹ̀ dání.